Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Ń Ṣí Lọ́jọ́ Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó. Mi ò ní dá orin, mi ò sì ní pariwo. Ohun tí wọ́n fi hàn mí ni mo fẹ́ rò fún yín bí mo ṣe rí i, torí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọjọ́ ààwẹ̀ àwa ìyá, a parí àdúrà ọ̀sán, àwọn yòókù sì lọ sílé. Èmi dúró sẹ́yìn. Mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló kú nínú iná tó jó ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn ní ilé-ìwé òkè odò, ní èèrùn èṣí. Alàgbà Jákọ́bù tó jókòó síwájú yìí ló gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ló wàásù lọ́jọ́ tí a sin ín. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ Alàgbà: panápaná ni wọ́n, àwọn ni ìjọba ń rán lọ́dọọdún láti wo ilé-ìwé àti ilé ibùgbé nílùú yìí, bóyá ènìyàn á ríbi sá jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ. Alàgbà sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé náà ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ iná, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, àwọn ni wọ́n tún bá mi bẹ ilé-ìwé náà kí wọ́n gba Ìbùkún, àbúrò Fúnmi, lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Bí mo ṣe ń bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe tí Ó fi ṣe mí báyìí, oorun gbé mi lọ.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Bàbá àgbà kan ni, aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n eérú bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì gbé korobá yanrìn lọ́wọ́. Ó ní, “Arábìnrin, dìde. O ti ń béèrè, wá wò ó.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru tí ènìyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. A kọjá lára àwọn alágbèrè. Mi ò ní pẹ́ lórí wọn, torí oníwàásù wa kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láì dárúkọ wọn. Ẹ ti mọ ìyà wọn ju èmi tí mo fojú rí i lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onílé. Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ni wọ́n wà, èéfín ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, wọ́n ń sáré wá àtẹ̀gùn kejì. Ibi tó yẹ kí àtẹ̀gùn wà, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, ó kún fún bàtà àti ike dé òrùlé. Mo béèrè ohun tí wọ́n ṣe. Amọ̀nà mi ní, “Àwọn fúnra wọn ló sọ àtẹ̀gùn di ṣọ́ọ̀bù.”

Ìgbà náà la dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn tí n kò rí òpin rẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó ti tábìlì, aṣọ wọn mọ́, ìrẹsì àti ẹran adìẹ wà níwájú wọn. Mo rò pé a ti dé ibi ìsinmi ni. Àfi bí iná ṣe sọ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n dìde tí àga ń wó, tí oúnjẹ ẹnu wọn di ẹ̀yinná, wọn ò lè gbé e mì, wọn ò lè tu ú, wọ́n ki agolo apaná pupa mọ́lẹ̀ wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju eruku lọ, wọ́n jù ú nù wọ́n sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn, wọ́n ń gun ara wọn, ilẹ̀kùn náà sì ṣí gbayawu, mo rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lódìkejì, mo rí koríko, ẹni àkọ́kọ́ ti na ọwọ́ jáde, ohùn kan bá ní, “Àyẹ̀wò ti parí,” ilẹ̀kùn sì padé mọ́ wọn lójú. Wọ́n padà sídìí tábìlì. Iná tún sọ.

Amọ̀nà mi ní, “Àwọn wolé-wolé nìyí.”

Àga kan ṣófo láàárín wọn. Wọ́n fi aṣọ funfun kan kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo rán ọrùn rẹ̀ nígbà tó ya níjọ́ ìkórè, òwú funfun tán lọ́wọ́ mi, mo sì fi òwú aró parí rẹ̀. Òwú aró náà wà níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti ṣìnà. Aṣọ Alàgbà wa nìyí, ènìyàn Ọlọ́run ni wọ́n.”

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n wo ara ògiri, mo sì rí ilé-ìwé òkè odò lọ́jọ́ àyẹ̀wò kan ṣáájú iná, bí ẹni pé mo dúró nínú ọgbà rẹ̀. Alàgbà ti ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn ń bọ̀. Mo rí i bí àwọn ará ilé-ìwé ṣe lọ yá agolo apaná ní ilé epo, bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ṣí àgádágodo ńlá kan. Mo rí Alàgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, tí ó ṣí. Wọ́n jẹun tán, wọ́n sì sọ fún ìyá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ pé, “Tí mo bá lọ tán, ẹ tì í padà o. Àwọn ọmọbìnrin yìí á gba ibẹ̀ lọ pàdé àwọn ọmọkùnrin.” Mo gbọ́ ọ ní ohùn tí wọ́n fi ń kà Sáàmù fún wa.

Ará mi, ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Inú mi bà jẹ́ ju ọjọ́ tí mo sin ọmọ lọ, torí lọ́jọ́ yẹn mo ṣì ní ẹni tí mo lè fẹ̀yìn tì.

A gòkè. Ilé gígùn kan ni wọ́n mú mi wọ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn kan lẹ́nu wọn. Atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi. Wolé-wolé kan wà níbẹ̀ tó ti ilé-ìwé ọlọ́lá kan pa nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n sì torí ẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó nà gbalaja sórí ẹní, ó ń hanrun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Fúnmi jókòó sí. Wọ́n ti di irun rẹ̀. Kò sí àpá lára rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, “Màámi, ṣé ibi tí ibùsùn mi wà ni Ìbùkún ń sùn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?”

Mo ní Alàgbà sọ pé ó ti ṣí láti ìgbà yẹn, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ó wò mí. Ó ní, “A rí i, Màámi. Ọ̀dọ̀ ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ níwájú ni iná ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwa tó kù sì sá sẹ́yìn. A taari rẹ̀ títí.”

Mo bú sẹ́kún. Amọ̀nà mi sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Àkókò oorun ọ̀sán ni, ìyá tó ń tọ́jú wọn sì ti jáde. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mú un wá. Ṣé Òun ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́jà?”

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lókè. Mi ò wọ bàtà, mi ò ká ẹní, mo gba òkè odò lọ. Mo dé ẹ̀yìn ilé náà. Àpótí kún ẹnu ọ̀nà, àgádágodo tuntun sì wà lára ilẹ̀kùn, tó ń dán. Mo bi ìyá tó ń tọ́jú wọn léèrè. Ó ní, “Màmá Fúnmi, ẹ fọkàn balẹ̀. A máa ṣí i lọ́jọ́bọ̀, wolé-wolé ń bọ̀.”

Mo mú Ìbùkún wálé. Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín ṣì wà níbẹ̀, àkókò oorun ọ̀sán sì ti ń tó.

Alàgbà, ẹ má wolẹ̀. Mi ò bínú débi tí n ó fi gbàdúrà kí ẹ jókòó lórí àga yẹn. Ó ṣófo nígbà tí mo rí i. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣáájú, a ó tẹ̀ lé yín lọ nísinsìnyí, kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ túká.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí. Mo ti ṣe àmín lọ́jọ́ ìsìnkú, ilẹ̀kùn náà ò sì ṣí.