Àlìkámà Inú Iyẹ̀fun Àgbàdo Sunaina

Àna mi Kanta, ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, ẹ̀yin lẹ sì ń ru ẹrù rẹ̀. Àyà ń dùn mí báyìí, n kò sì rò pé mo máa rí ìkórè tó ń bọ̀. Ọmọ mi Prem wà ní Ítálì, bàbá rẹ̀ wà nínú ibojì, èmi nìkan ni mo ń bá ògiri ilé yìí sọ̀rọ̀. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí n tó lọ.

Ẹ rántí pé Sunaina ọmọ yín ti ń lo oògùn ọrùn kó tó fẹ́ ọmọ mi, nítorí pé ohun tó wà lọ́fun ènìyàn tó ń mú ara yá, tirẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn oníwọ̀n àádọ́ta ló ń lò nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún, wọ́n tún sọ ọ́ di àádọ́jọ, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń wú, irun rẹ̀ ń já, oorun ń gbé e lórí ìjókòó. Èmi ni mo sọ fún Prem pé, "Ìyàwó rẹ ń da oògùn nù." Sunaina gbọ́, kò bá mi jà. Láti ọjọ́ náà, iwájú mi ló ti ń gbé e mì, á wá la ẹnu kí n yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọmọ iléèwé.

Dókítà Thakur ló rí ìdí rẹ̀. Ó bi í nípa ìgbẹ́ gbuuru tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní, "Àlìkámà ló ń ba ìfun rẹ jẹ́. Ìyẹn ni oògùn ṣe ń kọjá lọ láì wọ ara. Àgbàdo àti ìrẹsì ni kí o máa jẹ. Tí ìfun bá ti san, a máa dín oògùn kù, torí gbogbo rẹ̀ á máa wọlé nígbà yẹn, á sì pọ̀ jù fún ọ."

Ṣùgbọ́n àlìkámà tí ọkọ mi gbìn kẹ́yìn kó tó kú ló kún àgbá inú yàrá mi. Nídìí ààrò àdúgbò, níbi tí a ti ń yan róòtì, àkàrà pẹlẹbẹ wa, Channo aládùúgbò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí ìgbà òtútù la máa ń jẹ ti àgbàdo: "Bimla, ṣé òtútù ti dé ni? Róòtì àgbàdo láàárín ooru?" Ẹlòmíràn ní, "Ìyàwó ọ̀hún ti ga ju oúnjẹ wa lọ. Ẹ bá a wá yìnyín kún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé iyẹ̀fun àgbàdo kì í lẹ̀ mọ́ra, pé gbogbo wa la máa ń bu àlìkámà díẹ̀ sí i kó má baà fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí ti Sunaina. Ó jẹ ẹ́, ó ní, "Màmá, tòní ò fọ́ o. Ọwọ́ yín dáa." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ gbuuru tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ ohun tó fà á, Kanta. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀kúnwọ́ méjì. Mo fẹ́ kí ó hàn pé dókítà ṣàṣìṣe, pé ohun tí ọkọ mi gbìn kì í ṣe májèlé.

Dókítà bi mí, "Màmá, kí ló ń jẹ nílé?" Mo ní, "Àgbàdo nìkan, Dókítà." Ó mi orí, ó sì kọ oògùn oníwọ̀n igba fún un.

Nígbà tí oṣù òjò Sáwán dé, tí àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ ń lọ sílé ìyá wọn, ẹ gbà á lálejò, ẹ ò sì jẹ́ kó tètè padà nítorí àìlera rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lọ àgbàdo rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù pé, "Màmá, irun mi ti ń hù. Ìyá mi ní mò ń jẹun bí àgbẹ̀." Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ ó tún pè: "Màmá, àyà mi ń lù kìkì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí oorun sùn. Ṣé kí n dín oògùn yìí kù, àbí kí n lọ rí dókítà?"

Mo mọ ìdáhùn. Ojú mi ni dókítà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá lọ, dókítà á béèrè ìdí tí ìfun tó ti ń jẹ àgbàdo láti ọjọ́ yìí fi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san. Mo ní, "Lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àròyé rẹ ti pọ̀ jù." Ó ní, "Ó dáa, Màmá." Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkàn rẹ̀ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi inú àgbàlá yín.

Àwọn kan ní ṣe ló kó oògùn jẹ. Channo ní oúnjẹ ilé yín ló pa á. Ẹ̀yin náà dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́bàá ibojì, ẹ ní, "Bimla, kí ni mo fún un jẹ tí kò yẹ?" Mo di ọwọ́ yín mú, mo sì dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni kì í jẹ́ kí n lè gbàdúrà.

Mo ti kọ ọ́ sí Prem. Mo ti bẹ pásítọ̀ kó ka ìwé yìí lójú Channo àti gbogbo ìjọ, kí àwọn ọ̀dọ́ lè gbọ́ pé bí dókítà bá béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yín mọ́. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ má bi ara yín ní ìbéèrè yẹn mọ́, àna mi. Kò sí ohun tí ẹ fún un tí kò yẹ. Ilé yín ni ara ọmọ yín ti yá.