Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà

Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé mi lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìyá àgbà kan tí ó pọ̀n ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó bí ọmọ náà, tí ó di buggy, kẹ̀kẹ́ ọmọ, tó ṣófo mú.

"Mummy, ẹ gbé e sínú buggy. Nọ́ọ̀sì ní kó kọ́ bó ṣe máa dá sùn."

"Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó? Kó yáa dá wẹ̀ náà, kó sì dá lọ bá council tọrọ ilé."

"Ó kàn máa sunkún díẹ̀ ni. Tó bá yá, á rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún."

"Ọmọ ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún, ìyá ń tẹ fóònù. Ìlú yín mà dára o."

"Mummy, Sátidé lẹ ń padà sílé, Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ shift níbi iṣẹ́. Ọmọ yìí ò sì sùn níbòmíràn mọ́ àfi lẹ́yìn yín. Ṣé ẹ máa fi ẹ̀yìn yín sílẹ̀ fún mi ni?"

Ìyá àgbà tún ọ̀já dì, ó sì ń mi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ náà ti sùn tipẹ́.