Kòkó Oṣooṣù

Níbi tí mo ti mú ìyá mi lọ fi ojú hàn fún àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Ìkọ̀lé, bàbá méjì tó ti ṣe tísà rí wà lórí ìlà níwájú wa. Èyí tó jẹ́ àbúrò ní:

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán. Báwo lẹ ṣe ń rí tiyín rà?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tísà, oṣù tí mo bá ti gbowó uṣẹ́, mo máa ń gbin kòkó kan. Àwọn ló ń ra oògùn mi. Kòkó kì í ní kí n wá fi hàn pé mo ṣì wà láàyè."

Àbúrò ní:

"Ó ti pẹ́ jù fún èmi."

Ẹ̀gbọ́n, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, na ọwọ́ síwájú. Erùpẹ̀ kún èékánná rẹ̀.

"Àárọ̀ yìí ni mo gbin ti oṣù yìí."