Tábìlì Ojú Irin

Ní ìsọ̀ pákó kan ní Arakale ni mo ti gbọ́ bí bàbá arúgbó kan ṣe ní kí káfíńtà bá òun kan tábìlì.

"Tábìlì kí ni, bàbá?"

"Èyí tí ojú irin máa wà lórí rẹ̀. Ọmọ wa ló fi rélùwéè ìṣeré ránṣẹ́."

"Ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́. Kò ju bàtà mi lọ."

"Màá fi igi dábùú ẹsẹ̀ tábìlì náà kó má baà mì."

"Má fi nǹkan kan dábùú rẹ̀. Ìyàwó mi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Orí àga onítáyà ló wà báyìí. Abẹ́ ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ máa gbà wọlé."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wọn orúnkún màmá."