Ohùn Mi Lọ, Olùkọ́ Àgbà Dé

Ọlọ́run tó mú ẹsẹ̀ mi padà dé Mánígìrì láìfarapa ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹ bá rí i pé ojú mi le díẹ̀, ẹ má bínú. Mo ti dárí ji àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ká mi lára.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì. Hàà! Wọ́n fi kọ́ọ̀sì dá mi lágara. Wọ́n kọ́ wa bí ahọ́n ṣe ń yí lẹ́nu. Wọ́n kọ́ wa ní ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Bí èèyàn ṣe ń kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ńkọ́? Ẹnìkan ò kọ́ wa!

Wọ́n wá rán mi lọ ṣe sítáàjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bàsílà, kí n máa fi ọmọ ẹlòmíì kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ àgbà kan láti yunifásítì gbọ́dọ̀ wá jókòó wò mí níbi tí mo ti ń kọ́ni. Bí kò bá wá, tàbí tó wá tí kò fẹ́ràn rẹ̀, màá tún ọdún náà ṣe. Màá lọṣọ, màá múra, kò ní í wá. Ó ní mọ́tò òun kú sójú ọ̀nà ní Pénéṣúlú. Ó ní òun ní ìpàdé. Ó ní àna òun kú. Ìyá mi fi èso kajú tó yẹ kó ṣà sílẹ̀ lóko, ó ń bá mi gbààwẹ̀. Èmi náà ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí lójoojúmọ́ títí ohùn mi fi lọ pátápátá.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni olùkọ́ àgbà pè mí pé òun ti dé ẹnu géètì.

Ẹ gbà mí! Mo lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo fi ètè lásán gbàdúrà: “Bàbá, èwo lèyí? Nígbà tí mo lóhùn, o ò mú un wá. Ohùn lọ tán, o wá mú un dé!”

Mo wọlé. Ẹ̀kọ́ nípa ọjà ni. Mo gbé iṣu tí mo mú wá láti ilé sókè, mo nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràfíátù. Ó dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé èló ni. Ẹlòmíì dá a lóhùn. Ràfíátù ní ó ti wọ́n jù! Ni kíláàsì bá gbóná. Wọ́n ń ná iṣu lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kò lanu rí pàápàá. Èyí tí wọ́n bá ṣì sọ, màá kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe yẹ, wọ́n á kà á sókè.

Olùkọ́ àgbà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí a jáde, ó ní, “Madáámù, o ṣeun. Olùkọ́ tó mọ̀ pé ọmọ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí à ń kọ́ yín nìyẹn.”

Ohun tí ẹ ń kọ́ wa kẹ̀! Ọ̀rọ̀ kún inú mi bámúbámú, mo lanu, kò sóhùn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo yege.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run gbà mí lọ́jọ́ náà? Ká ní mo lóhùn, ariwo mi ì bá bo ohùn àwọn ọmọ ní kíláàsì, ǹ bá sì tún fẹnu ara mi ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà níta.

Ohùn náà nìyí, ó ti padà. Ẹ dìde, ẹ wá bá mi fi yin Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó gba ohùn lọ́wọ́ mi.