Ohùn Ìyá Dúpẹ́ Lẹ́nu Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìdúró sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, ìtìjú lè má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lọ́sàn-án Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ ti àga nílé, mo ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run fi mí ṣe ẹnu fún àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹnu àdúrà yẹn ni mo wà tí oorun gbé mi lọ.

Ẹ mọ̀ mí. Ṣikágò níbí ni wọ́n bí mi sí, eré orí ìtàgé ni mo sì ń kọ láti ìgbà èwe mi. Mo kọ̀wé bú àwọn onílé tó ń lé tálákà sínú yìnyín, wọ́n tilẹ̀ ti tì mí mọ́lé rí nítorí rẹ̀. Èyí tí mo fi gba àmì ẹ̀yẹ ni ti àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀gá wọn máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìyá kan wà nínú eré náà tó máa ń gbá ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tàn án, á ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wa mì." Àwọn òǹwòran a rẹ́rìn-ín títí.

Nínú oorun tó gbé mi lọ yẹn, mo rí ìran: ọkùnrin aláṣọ funfun kan dì mí lọ́wọ́ mú. A dé ibi tí àwọn òpùrọ́ ti ń jẹ ẹyín iná, tí àwọn alágbèrè ń sá fún ara wọn. Mo rí onílé kan tó ru odidi ilé lórí. Mo pàtẹ́wọ́.

"Ta ló ní kó o pàtẹ́wọ́?" ni amọ̀nà mi wí.

Ó mú mi dé ibi ìsinmi. Àwọn obìnrin tó fi ayé wọn fọ aṣọ aláṣọ jókòó síbẹ̀, ara tù wọ́n. Àga kan ṣófo.

Amọ̀nà mi ní, "Ti Ìyá Dúpẹ́ ìjọ yín ni. Kò tíì dé."

"Tèmi ń kọ́?"

Ó mú mi padà sísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan wà níbẹ̀, ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ, àmì ẹ̀yẹ mi ni wọ́n gbé kọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi ń hó nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń yí po nínú omi náà, wọ́n ń ké, ilẹ̀kùn náà ṣí, ó ń fà mí, mo di ògiri mú, ògiri ń yọ̀, mo bá gbá ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ké pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wa mì!" Ohùn Ìyá Dúpẹ́ ló jáde lẹ́nu mi.

Amọ̀nà mi ní, "Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lo tún fi ń bẹ̀bẹ̀. Ṣé o ò ní tìẹ ni?"

Mo jí, òógùn bò mí.

Ẹ̀yin ará, ẹyin lohùn. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́. Ìyá Dúpẹ́ tó jókòó ní ìlà kẹta yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn títì náà fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo yí ìlú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n n kò yọ gbígbá ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò, torí ẹ̀rín. Ọ̀gá rẹ̀ wá wo eré náà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n lé e níbi iṣẹ́.

Ìyá Dúpẹ́ kò wo eré náà rí, ó rò pé Ṣadé àbúrò rẹ̀ ló lọ ṣòfófó. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò kí i. Ó tún ní kí n bá òun gbàdúrà kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó dalẹ̀ òun. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ṣe àmín, ohùn mi sì ròkè.

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé, kò gùn. Ìyá wa, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yín. Kì í ṣe Ṣadé. Èmi ni.