Màrìwò Tí Mo So Mọ́ Oko Obì Bàbá Mi

Nígbà èwe mi, owó ẹyọ díẹ̀ ni ìyá mi fi ń ra iyọ̀ tí ilé wa ń jẹ fún ìgbà pípẹ́. Lónìí, ṣílè ni wọ́n ń béèrè, iyọ̀ ọ̀hún kò sì kún ọwọ́. Epo abà Elépo nìkan ni kò gbówó lórí, nítorí kì í tètè dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù yìí ti wúwo jù fún mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Sàró dé nígbà tí òyìnbó tí ń wọn ojú irin wọ Ẹdẹ. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ó kan èèkàn gba àárín oko obì bàbá mi. Bàbá mi jókòó sí ìdí igi, wọ́n ní, "Obì yìí ni mo tà tí o fi di akọ̀wé. Irin lo wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kí òyìnbó tó padà dé, èmi àti Àkànní, ọ̀rẹ́ mi, so màrìwò yí oko náà ká. Nígbà tó dé, mo sọ fún un pé igbó òòṣà ni. Ó fa èèkàn rẹ̀ tu, ó sì gbé irin gba ẹ̀yìn oko. A rẹ́rìn-ín. "Onígbàgbọ́ di àwòrò," ni Àkànní ń pè mí.

Mo gbàgbé pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni yóò rí màrìwò. Inú oko náà ni ọ̀nà Elépo gbà dé ibùdó rélùwéè. Àwọn ará Elépo pa ọ̀nà náà tì, wọ́n ń gba àbàtà. Bí òjò bá rọ̀, ẹlẹ́rù kò lè kọjá. Kí epo wọn tó dé, àwọn oníṣòwò ti ra ti ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ń kó lọ.

Kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ ra obì bàbá mi mọ́. Obì òòṣà, ni wọ́n ń pè é. Ó ń jẹrà sábẹ́ igi títí bàbá mi fi kú. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí. Nígbà tí mo di alàgbà ìjọ, ìtìjú gba ipò ẹ̀rù.

Nísinsìnyí Ajẹ́lẹ̀ ní kí n kọ ohun tí ojú irin ti ṣe fún àwọn abà wa. Ó ń béèrè ìdí tí àwọn abà tó jìnnà fi là, tí Elépo tó wà nítòsí fi ń tú. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Àjíkẹ́, àgbà wọn.

"Ìyá, ṣé ẹ kò lè gba oko obì yẹn ni?"

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí," wọ́n rẹ́rìn-ín, "ẹ fẹ́ kí òòṣà gbé mi, kí ẹ lè rí òkú sin."

Wọ́n fi oko hàn mí. Màrìwò tútù ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni èmi so ó. Àwọn ará Elépo fúnra wọn ló ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti gbẹ, kí òòṣà má baà bínú sí wọn.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n lè ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá tú màrìwò náà, ṣé wọn kò ní so òmíràn? Ta ni yóò jẹ́rìí mi? Bàbá mi ti kú. Ibà ti pa òyìnbó náà. Àkànní, tí ó gun ọ̀pẹ gé màrìwò náà, kú lọ́dún tó kọjá. Ó ku èmi. Ó ku Ìyá Àjíkẹ́, tí wọ́n ṣì ń ru epo gba inú àbàtà. Àwọn igi obì náà sì wà láàyè.